Àpò Mélòó Ni Àká Yín Gbà?

 

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àká àgbàdo. Kí ẹgbẹ́ tó kọ́ àká, ó yẹ kí wọ́n mọ iye àpò tí yóò gbà àti bí ògiri rẹ̀ yóò ti tóbi tó. Téèpù àti ìṣirò díẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àká róbótó, tó rí bí agolo mílíìkì. Ẹ wọn ìbú inú rẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì, kí téèpù gba àárín gbùngbùn. Ká ní ó jẹ́ mítà 1.4. Ìdajì rẹ̀ ni 0.7. Ọ̀nà 0.7 lọ́nà 0.7 jẹ́ 0.49. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 22, kí ẹ fi 7 pín in, yóò jẹ́ 1.54. Ìwọ̀n ilẹ̀ àká nìyẹn. Bí àgbàdo bá ga tó mítà 2, ẹ sọ 1.54 di ìlọ́po 2, ó di 3.08.

Kí ni 3.08 yìí? Ẹ ronú àpótí kan tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Àká náà gba irú rẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀. Àgbàdo gbígbẹ tí a ti yín tó nǹkan bí àpò 7 nínú àpótí kan, bí àpò bá jẹ́ kílò 100. Nítorí náà àká yìí gba nǹkan bí àpò 21 àbọ̀.

Ti ògiri ńkọ́? Ẹ sọ ìbú 1.4 di ìlọ́po 22, ẹ fi 7 pín in: 4.4. Ìyíká rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi gíga 2 sọ ọ́ di púpọ̀: 8.8.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ìbú di mítà 2.8, kí gíga má yí padà. Ògiri di 17.6, ìlọ́po méjì péré. Àgbàdo di nǹkan bí àpò 86, ìlọ́po mẹ́rin! Bí àgbẹ̀ méjì bá kọ́ àká kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ògiri 17.6 náà ni wọn yóò mọ, àpò 43 ni yóò sì gbà. Ilẹ̀ àti òrùlé ńlá náà di ìlọ́po mẹ́rin o; orí ògiri ni èrè wà. Ògiri ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ lágbára, nítorí àgbàdo púpọ̀ a máa tì í.

Ìkìlọ̀ kan: àgbàdo tútù ẹnìkan lè ba ti gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́. Ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ mọ́ àgbàdo nínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.