Ẹ Má Tíì Kun Ọ̀dà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àjà Balùwẹ̀ Tó Ń Bó

Ọ̀rọ̀ àjà balùwẹ̀ ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Púpọ̀ nínú wa ní Moncalieri níbí ló mọ̀ ọ́n: ẹ kun ọ̀dà ní September, kó tó di Kérésìmesì ó ti ń bó, nǹkan dúdú sì ti yọ ní kọ̀rọ̀. Muffa ni àwọn ará ibí ń pè é. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu náà ni àjà ṣe ń bu.

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ní Rochdale, nílẹ̀ England, bàbá kan sọ fún onílé ní 2017 pé muffa wà nínú ilé òun. Wọ́n ní kó kun ọ̀dà lé e. Ní December 2020, ọmọ rẹ̀, Awaab Ishak, kú lọ́mọ ọdún méjì. Ní 2022, ẹni tó wádìí ikú náà fún ìjọba sọ pé muffa inú ilé náà ló ba èémí ọmọ náà jẹ́ tó fi kú.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi ni ètè, ọ̀dà tó ń bó ni làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá.

Ẹ nu àjà náà gbẹ. Ẹ gé fóìlì tí a fi ń wé oúnjẹ, kó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ọn fún ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yín ló rin, ooru omi ìwẹ̀ ni: ó ń gòkè lọ bá àjà tí òtútù mú, ó ń di omi níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn fóìlì ló rin, omi ń bọ̀ látòkè, bóyá láti páìpù aládùúgbò tàbí òrùlé.

Bó bá jẹ́ ooru ìwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ January. Ẹ má sá aṣọ síbẹ̀. Kò sí fèrèsé? Òfin 5 July 1975 ní balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú tó ṣí síta tàbí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde.

Lẹ́yìn náà la tó ń tún un ṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ fi candeggina tí ẹ ti bu omi là fọ muffa náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò ó mọ́ aceto, ammoniaca tàbí acido muriatico láé; èéfín olóró ló ń mú jáde. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ ha ọ̀dà tó ti ṣí kúrò, ẹ kun fissativo, kí ẹ tó kun ọ̀dà antimuffa.

Bó bá jẹ́ látòkè ni omi ti ń wá, kì í ṣe iṣẹ́ yín. Codice Civile, ẹsẹ 1576, ní onílé ló ni àtúnṣe, àyàfi ìtọ́jú kéékèèké. Ẹsẹ 1577 ní kí ayálégbé fi tó onílé létí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó o: ẹ ya fọ́tò, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní raccomandata, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má sì dá owó ilé dúró, kí wọ́n má bàa torí ẹ̀ lé yín jáde.

Bó bá dákẹ́, SUNIA, ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, lè bá yín dá sí i. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ sọ fún dókítà nípa muffa náà, kí ẹ sì kọ̀wé sí Igiene Pubblica ní ASL TO5.

Ẹni tí èdè Ítálì kò bá yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kó mú ìwé àdéhùn ilé àti fọ́tò wá. A ó jọ kọ lẹ́tà náà.