Iṣẹ́ Aṣọ́lé fún Tọkọtaya: Ohun tí ó Yẹ kí a Mọ̀ kí a tó Gbé Ẹrù Wọlé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ti ọ̀nà tàbí ti omi ẹ̀rọ, síbẹ̀ ó kan ọ̀pọ̀ agboolé nínú ìlú yìí. Iṣẹ́ aṣọ́lé ni, pàápàá èyí tí ọkọ àti aya jọ ń ṣe, tí wọ́n sì ń gbé inú ọgbà ilé tí wọ́n ń ṣọ́. Kì í ṣe ẹni tí ń bá onílé gba owó lọ́wọ́ ayálégbé ni a ń sọ. Tọkọtaya tí ilé onílé wà ní ìkáwọ́ wọn tọ̀sán-tòru ni ọ̀rọ̀ wa bá wí.

Iṣẹ́ náà wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí ó bá dé Lẹ́kí, Ìkòròdú, tàbí ojú ọ̀nà Ìbàfò yóò rí ilé tí a kò tíì parí, tí aṣọ tí a fọ̀ wà lórí okùn níwájú rẹ̀. Aṣọ́lé ni ó ń gbé ibẹ̀, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà tún ilẹ̀ náà tà, kí olè má sì kó irin àti sìmẹ́ńtì lọ. Ní Ìkòyí àti ní Bódìjà, bọ́ìsì kọ́tà tí ó wà lẹ́yìn ilé ńlá ni ibùgbé wọn. Ní ìlú tiwa gan-an, ilé wà tí àwọn ọmọ wa ti Lọ́ńdọ̀nù kọ́, tí wọn kì í sì í sùn nínú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́dún. Onílé a máa fẹ́ tọkọtaya ju àpọ́n lọ, nítorí bí ọ̀kan bá lọ sí ọjà, ìkejì yóò wà nílé. Ọkọ a máa tọ́jú jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ omi, géètì àti koríko. Aya a máa gbálẹ̀, a máa fọṣọ, a máa ṣe oúnjẹ nígbà tí onílé bá dé.

Báwo ni a ṣe ń rí i? Ẹnu ènìyàn ni ó sábà máa ń gbé e wá. Bíríkìlà tí ó kọ́ ilé, àlùfáà, àti aṣọ́lé tí ó wà ní àdúgbò kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé onílé ń wá ènìyàn. Kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ ti tọ́jú nọ́ḿbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ìwé ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́ àtijọ́, àti onídùúró méjì tí ilé àti iṣẹ́ wọn ṣe é tọ́ka sí. Kí ọkọ ní tirẹ̀, kí aya náà ní tirẹ̀. Bí aṣojú kan bá wá tí ó ní kí ẹ san owó orúkọ kí ẹ tó fojú kan ilé, ẹ kúrò níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà béèrè pé kí irú aṣojú bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ìjọba Àpapọ̀. Ẹ ní kí ó fi hàn yín.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ọkọ àti aya jọ lọ wo ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ṣé òrùlé kò jò? Ṣé ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́? Níbo ni omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Lẹ́yìn èyí, ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá ìjà wà lórí ilẹ̀ náà, nítorí bí àwọn jàǹdùkú bá dé lóru, onílé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ni wọn yóò bá.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Onílé a máa wí pé, “Ilé ọ̀fẹ́ ni ẹ ń gbé, kí ni ẹ tún ń fẹ́?” Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́. Bí a bá yá alágbàro ní ọkọ́ kí ó fi ro oko wa, a kì í ka ọkọ́ náà mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá tí aṣọ́lé ń sùn, irinṣẹ́ ni, nítorí onílé gan-an ni ó fẹ́ kí ènìyàn sùn níbẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé owó ẹni kan ni wọ́n máa ń san fún ẹni méjì. Wọn a fi lé ọkọ lọ́wọ́, wọn a ní aya rẹ̀ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Obìnrin náà lè fọṣọ, kí ó gbálẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ọkọ bá kú, kò ní ìwé kan tí yóò fi hàn pé òun ṣiṣẹ́ rí.

Ẹ má sì gbójú lé òfin nìkan. Ní ọdún 2024, ìjọba gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Òfin Iṣẹ́ tí ó wà nínú àkójọ òfin ti ọdún 2004 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀ kò ka ẹni tí a gbà fún ohun tí kì í ṣe òwò agbanisíṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń sọ. Ẹni tí ń ṣọ́ ilé àdáni lè bọ́ sí ìta àwọn ọgbà méjèèjì. Nítorí náà, ìwé tí ẹ̀yin àti onílé bá jọ fọwọ́ sí ni odi yín.

Kí ni kí ó wà nínú ìwé náà?

Ìkíní, orúkọ ọkọ àti ti aya, àti iye tí a ó san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sì gba tirẹ̀ ní báńkì.

Ìkejì, iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe, ẹni tí yóò ṣọ́nà lóru, àti ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀.

Ìkẹta, owó dísẹ́ẹ̀lì, iná àti àtúnṣe. Ti onílé ni, kí a sì máa kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó.

Ìkẹrin, gbogbo ẹrù tí ẹ bá nílé. Ẹ kà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín ní olè lọ́la.

Ìkarùn-ún, ẹni tí yóò san owó ìwòsàn bí aṣọ́lé bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ìkẹfà, bí iṣẹ́ yóò ṣe parí. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń hàn sí: ọmọ a wà ní kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí ó bá di ọjọ́ Ajé, a ó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé tí bàbá rẹ̀ ń ṣọ́, àga rẹ̀ a sì ṣófo. Kí ìkìlọ̀ tó oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó dé òpin táàmù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìlú Ọba, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Àyè kan wà nínú òfin ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a fi lè fi owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ du ẹni tí ń gbé inú ilé agbanisíṣẹ́ bí ọmọ ilé. Wọ́n pa á rẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n fi £10.66 lójúmọ́ ṣe òpin ohun tí a lè kà mọ́ owó iṣẹ́ náà nítorí ibùgbé. Ẹ rí i pé òfin ibẹ̀ pàápàá mọ̀ pé ilé kì í ṣe owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìwé àlejò wọ̀lú kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ní ilé síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa. Ẹ fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ bàbá yín àti ìyàwó rẹ̀, nígbà tí ẹ bá sì rántí, ẹ fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́. Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ ta ilé, ẹ ní kí wọ́n kó jáde. Àwọn náà ní ilé ẹbí ni. Ìjà dé. Ìwé àdéhùn ì bá ti gba tọ̀tún-tòsì: ì bá fi hàn pé tiyín ni ilé, ì bá sì fi hàn pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí wọn. Ìbátan kò ní kí a má san owó iṣẹ́.

Níkẹyìn, a fi ohun mẹ́ta síwájú Ẹgbẹ́. Kí akọ̀wé ní ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ tọkọtaya tí ń wá iṣẹ́ sí, àti ti onílé tí ń wá aṣọ́lé. Kí Ẹgbẹ́ tẹ ìwé àdéhùn kan ní èdè Yorùbá tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Kí ẹ̀ka wa kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe onídùúró fún ọmọ ìlú tí wọ́n bá mọ ìwà rẹ̀ dájú, nítorí àìní onídùúró ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

 Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé gbogbo wa, kí Ó sì ṣọ́ àwọn tí ń bá wa ṣọ́ ọ.