Òòrùn Inú Àwo



Ìtàn àwọn baba wa sọ pé àwo ni Olófin Ògúnfúnminíre tẹ̀ lé lórí omi. Ibi tí àwo rì sí ni ó tẹ̀dó sí, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń jẹ́ Àwórì. Àwo mìíràn ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Lójú agbami, kò sí ẹni tí a ó bi léèrè ọ̀nà. Lóde òní, sátẹ́láìtì ni ó ń júwe ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá lè dí ìró rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lè fi irọ́ rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà ni òfin àgbáyé fún àwọn atukọ̀, tí a ṣe ní 1978, ṣì fi ń béèrè pé kí ọ̀gá tí ń ṣọ́ ọkọ̀ lè fi òòrùn àti ìràwọ̀ mọ ibi tí ó wà. Sextant ni irinṣẹ́ rẹ̀: dígí kékeré méjì, àti apá kan tí ń rìn lórí ìlà ìwọ̀n.

Ẹlòmíràn yóò wí pé Ọ̀tà kò ní òkun, pé ilé iṣẹ́ ni ó kún Sángo. Òótọ́ ni. Ibi tí ojú ọ̀run ti kan òkun ni atukọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí wọn gíga òòrùn. Ṣùgbọ́n àwo ọ́ìlì dúdú tí a yọ lára ẹ́ńjìnnì, tí a gbé síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè mì í, yóò ṣe iṣẹ́ náà. A ó fi dígí dúdú bo ojú sextant kí òòrùn má baà fọ́ wa lójú. A ó sọ òòrùn òkè kalẹ̀ títí yóò fi bá ti inú àwo mu. A ó ka iye rẹ̀, a ó sì dá a sí méjì.

Ní ọjọ́ 21 oṣù December, ní nǹkan bí agogo 12 kọjá ìṣẹ́jú 45, gíga òòrùn ní Ọ̀tà jẹ́ nǹkan bí dìgírì 60. Yọ ọ́ kúrò nínú 90, ó ku 30. Yọ 23½ tí òòrùn ti lọ sí gúúsù, ó ku 6½: bí a ti jìnnà tó sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé nìyẹn.

Nínú àwo, 60 a di 120, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sextant kì í wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ oṣù yòókù, òòrùn ọ̀sán wa ga jù fún un. Àkókò tí ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi ń wálé gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí rọrùn jù lọ.

Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun: ẹ gbé sextant wálé ní December. Ẹgbẹ́ yóò pèsè àwo, a ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ohun tí ẹ̀rọ bá sọ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ bí a ti ń bá ẹ̀rọ jiyàn, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn mọ ibi tí wọ́n dúró sí.