Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìpẹtà Jẹ Ìjàpá Tán

 

A kò tíì gbọ́njú nígbà tí wọ́n ti ń to Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú títì márosẹ̀ Àgbádárìgì wa yìí. Ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 2003, wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn lágbàáyé ní Mẹ́síkò. Èyí tí a bá tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù lónìí, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ni ọ̀tá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí á máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀, kí á sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Àwọn mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọkọ̀ lọ bá wọn, kí á mú àwọn ọmọ wa dání, kí iṣẹ́ náà má bàa bá wọn wọlẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa á dalẹ́ o.