Ooru Inú Mọ́tò Asáré Lójú Ọ̀nà Ìtoìkín

Ẹni tó bá wa Lotus Elise láti Ìkòròdú gba Ìtoìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án gangan yóò làágùn dáadáa. Mọ́tò asáré yìí fúyẹ́, àyè inú rẹ̀ há, ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn ìjókòó gan-an.

Àtigbé e sílẹ̀ sínú oòrùn ló burú jù. Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Stanford rí i pé láàárín wákàtí kan, ooru inú mọ́tò lè fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 22 lé sí i. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín ooru náà kù.

Páálí tó ń dán níwájú gíláàsì ń dá oòrùn padà. Kò sì wọ́n! Kí awakọ̀ ṣílẹ̀kùn méjèèjì kí ooru jáde, kó tó tan AC.