Ọmọ Tó Kú Sàn Ju Ọmọ Tó Nù Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ owó Gbọ̀ngàn àti Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ wa

 

Àwọn aláṣẹ Ẹgbẹ́ ní kí ìdílé wa sọ ìdí tí a fi nílò Ìwé Orúkọ. Ìwé kékeré la kà, obì la ń tà. Ohun tí ojú ilé wa rí nìkan la ó sọ.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa àgbà ti kó obì gbànja wá sí Sàbọ̀n Gàrí Kánò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a ru àpò obì ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Ní 1942, ọmọ náà wọ iṣẹ́ sójà. Kò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n kó wọn lọ sí Bọ́mà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar lónìí, láti bá àwọn ará Japan jà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sílé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìjọba ló dé: wọ́n wá a, wọn kò rí i.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìwé náà kò sọ pé ó kú. Ẹ mọ̀ pé bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀, a máa ń gé irun àti èékánná rẹ̀, a ó gbé ẹ̀ta rẹ̀ wálé, a ó sì sin ín. Ti ọmọ yìí, irun kò dé, èékánná kò dé. Ìyá rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni sun yàrá rẹ̀. Bí ajá bá gbó lóru, màmá á ní kí wọ́n lọ wo ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Nígbà tí à ń pín ilé, ìjà dé. Àwọn kan ní òkú kì í jogún, àwọn kan ní ta ló sin ín? Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ ìyá kan náà kò fi kí ara wọn.

Kì í ṣe ilé wa nìkan. Ní àfonífojì odò Kaladan, níbi tí Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà, igbó àti òkè ni gbogbo rẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ibi tí ẹnìkan bá ṣubú sí ni wọ́n ń sin ín sí, bí àyè bá wà. Òjò rọ̀, igbó hù, ojú oórì parẹ́.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ sójà ní ọmọ ọdún 16. Ní 1944, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn létí odò Kaladan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan kú síbẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kagbo, fara pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Mùsùlùmí ará abúlé kan, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Fadoyebo padà wálé, ó dàgbà, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ọdún 2012 ló kú láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Òun rí ẹni fi í pamọ́. Àwọn tí kò rí ńkọ́?

Ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Yangon, wọ́n kọ́ ìrántí kan fún àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Orúkọ tó wà lára òkúta rẹ̀ tó bí 27,000. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ wa kan tó wà ní yunifásítì wá inú àkọsílẹ̀ náà. Ó rí orúkọ àbúrò bàbá wa àgbà. Wọ́n ṣì í kọ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Ọjọ́ yẹn la pe ẹbí jọ. Àwọn Mùsùlùmí inú wa ṣe àdúà, àwọn onígbàgbọ́ kọ orin. Àwọn tó ti bínú síra wọn jẹun nínú àwo kan. A ṣí yàrá náà, a gbá a.

Egungun rẹ̀ kò wálé. Orúkọ rẹ̀ ló wálé.

Nítorí náà la ṣe wá bẹ̀ yín. Àwọn àlejò tó gbẹ́ orúkọ náà sára òkúta kò mọ ilé wa. Àwa tí a mọ ara wa, mélòó la ti kọ? Mélòó nínú àwọn èèyàn wa ló ti bá lọ́rì lọ tí kò dé? Mélòó la sin sí ìlú yìí tí ọmọ wọn kò lè tọ́ka sí ojú oórì mọ́? Ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ kọ orúkọ kálukú, ìlú rẹ̀, agboolé rẹ̀, ọjọ́ tó kú àti ibi tó sùn sí. Ẹni tí a kò bá rí òkú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ tirẹ̀ ṣáájú.

Ẹ bá wa náwó sí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìwé. Ìdílé wa ti fi orúkọ ọmọ yẹn sílẹ̀ pé kí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a wá ẹni wa tì.