Ọ̀bẹ àti Àkọ̀ Rẹ̀



Àwọn àgbà a máa wí pé, ilé ara rẹ̀ ni ọ̀bẹ ń wó, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ó ṣojú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ṣubú nígbà tí ó ń ti oko bọ̀. Ọ̀bẹ ìdí rẹ̀ gé okùn àkọ̀ já, ó sì gé e nítan. Ẹni tí ó rán àkọ̀ náà kò fi awọ sí i láàárín.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni mo tìtorí rẹ̀ dìde. Bí a bá ṣẹ́ awọ po, a ó ki ọ̀já awọ tí ó nípọn tó ẹ̀yìn ọ̀bẹ sáàárín etí méjèèjì, níhà ibi tí ẹnu ọ̀bẹ kọjú sí, kí ẹnu náà má baà kan okùn. A ó fi irin ṣóńṣó lu ihò, a ó sì fi okùn kan ṣoṣo rán an pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan láti ọ̀tún, èkejì láti òsì. Bí ibì kan bá já, ìyókù kò ní tú.

Awọ pupa àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ẹ fi bo ojú. Awọ màlúù ni kí ó wà nísàlẹ̀. Nílé, ẹ yọ ọ̀bẹ kúrò nínú àkọ̀, nítorí awọ a máa fa ọ̀rinrin, ọ̀bẹ a sì dógùn-ún.

Ọmọ náà ti sàn. Àkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rán nìyí; ẹ gbà á, kí ẹ fi ìka tọ́ etí rẹ̀ wò.